Ẹ Má Gbàgbé Páánù Orí Ilé: Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Dán Áńtẹ́nà Wáyà Wò Ká Tó Ta Á Sókè

Ẹni tó bá fẹ́ ta áńtẹ́nà rédíò ham (rédíò tí àwọn aláfẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) sí àgbàlá rẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò nílò nǹkan púpọ̀: wáyà iná ilé, ọparun gígùn kan, okùn náílọ́nù. Ibi tí wàhálà wà ni pé kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ohun tí wáyà náà máa ṣe kó tó gòkè. Ẹ gbé e sókè, kò dáa. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ gé díẹ̀, ẹ tún gbé e sókè. Kọ̀ǹpútà lè gbà yín lọ́wọ́ púpọ̀ nínú lílọ-bíbọ̀ yẹn, àmọ́ ohun tí ẹ bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Bí ẹ kò bá sọ fún un pé páánù wà nítòsí wáyà, á ṣírò bí ẹni pé inú pápá gbalasa ni ẹ ń gbé.

Áńtẹ́nà tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni V adojúdé fún bẹ́ǹdì 40 m, ìyẹn ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà ogójì. Àárín wáyà wà lórí òpó, apá méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Òpó kan ṣoṣo ló ń fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi bá àgbàlá wa mu. Láti 7.000 dé 7.200 MHz ni bẹ́ǹdì náà ní ẹkùn kìn-ín-ní ti ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, níbi tí Benin wà. Láti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìyẹn Savè, jẹ́ nǹkan bí 170 km tí ẹyẹ bá fò ó tààrà; dé Kétu kò tó 100 km. Fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìgbì tó gòkè ṣánṣán tó sì padà rọ̀ sílẹ̀ bí òjò ló wúlò, wáyà tó rẹlẹ̀ sì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe lọ́sàn-án. Kí ẹ tó fọhùn lórí afẹ́fẹ́, ẹ gba ìwé àṣẹ àti orúkọ ìpè. TY ni orúkọ ìpè ti Benin fi ń bẹ̀rẹ̀, àjọ ARCEP Bénin ló sì ń bójú tó ìgbì rédíò níbẹ̀. Ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kò ní kí ẹ dúró de ìwé yẹn.

Ẹ wọn àgbàlá ná

Ẹ mú tépù àti ìwé. Ìdí òpó ni òdo wa. Ẹ pe ọ̀nà tí wáyà máa gbà kọjá ní x, ọ̀nà tó dábùú rẹ̀ ní y, gíga láti ilẹ̀ ní z. Mítà ni ká fi wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ gíga òpó, ibi tí orí wáyà kọ̀ọ̀kan máa so mọ́ àti gíga ibẹ̀, gígùn àti fífẹ̀ òrùlé, gíga páánù, àti bí páánù ṣe jìnnà sí òpó tó. Tó bá jẹ́ igi máńgòrò ni ẹ fẹ́ so okùn mọ́, ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn tín-ín-rín, ẹ jù ú kọjá ẹ̀ka tí ẹ fẹ́, ẹ fa òkúta náà wá kan ilẹ̀, ẹ fi àmì sí okùn, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ìfojúwọ̀n máa ń fi mítà méjì tàn wá jẹ.

Wáyà SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, tó kọjá lójú títì náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé yẹn, kì í ṣe nítorí ìṣirò bí kò ṣe nítorí ẹ̀mí. Òpó tàbí wáyà yín kò gbọ́dọ̀ lè kàn án, kódà tí òpó bá ṣubú tàbí tí okùn bá já. Tí àyè kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibòmíràn.

Ètò tí a máa lò

4NEC2 ni a máa lò. Ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́, Arie Voors ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ ni NEC-2, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Lawrence Livermore fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní 1981. Kò wúwo, kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa gbé e. Ẹni tó ń lo Linux lè lo xnec2c. EZNEC ti Roy Lewallen náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2022. MMANA-GAL rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń ṣírò R àti X (iye ohm méjì tí rédíò máa bá pàdé lẹ́nu áńtẹ́nà: R ni èyí tó ń gba agbára, X ni èyí tó ń dá a padà), bí ilẹ̀ tó jẹ́ irin pátápátá ló ṣe máa ń mú ilẹ̀. Fún wáyà tó rẹlẹ̀ bí tiwa, ìyẹn máa ṣini lọ́nà, nítorí náà a kò ní lò ó níbí.

Ẹ ṣí 4NEC2, ẹ tẹ F6 láti ṣàtúnkọ, ẹ yan ìkọ̀wé bíi ti Notepad, kí ẹ kọ èyí:

CM V adojude 40 m
CE
SY ht=9
SY ox=8.8
SY oz=4
SY rw=0.00069
GW 1 3 -0.3 0 ht 0.3 0 ht rw
GW 2 49 0.3 0 ht ox 0 oz rw
GW 3 49 -0.3 0 ht -ox 0 oz rw
GE -1
LD 5 0 0 0 58000000
GN 2 0 0 0 13 0.005
EX 0 1 2 0 1 0
FR 0 1 0 0 7.1 0
EN

SY ni orúkọ tí a fún iye kan kó lè rọrùn láti yí padà: ht ni gíga àárín, ox ni bí orí wáyà ṣe jìnnà sí òpó, oz ni gíga orí wáyà yẹn, rw ni ìdajì ìbú bàbà. Wáyà 1.5 mm² tó jẹ́ bàbà kan ṣoṣo nínú rọ́bà, èyí tí ẹ máa bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù bíi « fil 1,5 rigide », fẹ̀ ní 1.38 mm, ìdajì rẹ̀ ni 0.00069 m. Tó bá jẹ́ 2.5 mm² ni ẹ rí, ẹ kọ 0.00089.

GW kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáyà kan: nọ́ńbà rẹ̀, iye ègé tí a pín in sí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí, ìdajì ìbú rẹ̀. Wáyà kìn-ín-ní jẹ́ 60 cm péré, ó sì wà ní àárín kí ibi tí a ti ń bọ́ áńtẹ́nà, ìyẹn ibi tí kébù ti so mọ́ ọn, lè bọ́ sí ègé kejì nínú mẹ́ta, àárín gan-an. Ohun tí ìlà EX ń sọ nìyẹn. Ègé rẹ̀ jẹ́ 20 cm, ti apá méjèèjì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20 cm. Ó yẹ kí ègé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìbọ́ dọ́gba bẹ́ẹ̀. LD 5 sọ pé bàbà ni wáyà. GN 2 ni ìṣirò ilẹ̀ tó péye, tí wọ́n ń pè ní Sommerfeld. Ẹ má fi GN 0 rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó yára: kò ṣeé gbára lé fún wáyà tó dùbúlẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà tó ń da iṣẹ́ àwọn ará wa rú. Ọwọ́ wa ti mọ́ kíkọ 8,8 bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́. Nínú ìwé NEC, kọ́mà àti àlàfo, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. 8,8 á di nọ́ńbà méjì, 8 àti 8, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lórí ìlà á sì sún sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Àmì ìdádúró ni kí ẹ lò níbi gbogbo: 8.8. Tí wáyà bá yọ síbi tí ẹ kò fi í sí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò nìyẹn.

Ẹ tẹ F3 kí ẹ wo àwòrán. Ṣé V tó dojú dé ni? Ṣé àmì ibi ìbọ́ wà lókè ní àárín? Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ F7, ẹ yan Far Field, kí ẹ jẹ́ kó ṣírò. Iye méjì ló ṣe pàtàkì jù: R àti X níbi ìbọ́. Tí X bá jẹ́ iye tó ju òdo lọ, wáyà ti gùn jù fún 7.1 MHz, tó bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, ó kúrú jù. Ẹ yí ox padà ní 10 cm, 10 cm, títí X fi máa súnmọ́ òdo. Ẹ lè tẹ F12 kí ètò náà ṣe é fúnra rẹ̀, kí ẹ fún un ní ox láti yí, àmọ́ ó dáa kí ẹ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ná, kí ẹ lè mọ bí 10 cm ṣe lágbára tó. Ní F12 kan náà, ẹ yan kó ṣírò fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan láti 7.0 dé 7.2 (sweep) láti rí ìlà SWR, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí agbára tó ń padà sẹ́yìn láti áńtẹ́nà ṣe pọ̀ tó. 4NEC2 ń ka SWR sí 50 ohm. Tí ẹ bá fẹ́ lo kébù tẹlifíṣọ̀n 75 ohm láti rédíò dé áńtẹ́nà, ẹ yí i padà nínú Settings.

Páánù

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Òrùlé páánù jẹ́ irin ńlá tó wà ní mítà díẹ̀ sí wáyà, ó sì ń dáhùn sí ìgbì bí dígí ṣe ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀. NEC kò mọ páánù. Wáyà ló mọ̀. Nítorí náà, a máa fi wáyà hun páánù bí àwọ̀n ẹja, kí ojú àwọ̀n jẹ́ mítà kan sí mítà kan. Gígùn ìgbì 7.1 MHz jẹ́ 42.2 m, nítorí náà ojú àwọ̀n tó jẹ́ mítà kan kéré gan-an sí ìgbì náà. Bí irin tó dí pa ló ṣe máa rí i.

Ká ní ilé náà gùn ní 10 m, ó fẹ̀ ní 8 m, páánù rẹ̀ ga ní 3.2 m, òpó sì wà níwájú ilé, 50 cm sí etí páánù. Ẹ fi ìlà mẹ́rin yìí sí ààrin GW 3 àti GE:

GW 10 10 -5 0.5 3.2 5 0.5 3.2 0.02
GM 1 8 0 0 0 0 1 0 10
GW 30 8 -5 0.5 3.2 -5 8.5 3.2 0.02
GM 1 10 0 0 0 1 0 0 30

GW 10 ni fọ́nrán kan lórí gígùn ilé, ègé mẹ́wàá, mítà kan ni ìkọ̀ọ̀kan. GM tó tẹ̀ lé e dà á kọ ní ìgbà mẹ́jọ, ó ń sún un ní mítà kan sí ọ̀nà y, ó di fọ́nrán mẹ́sàn-án. GW 30 àti GM rẹ̀ ṣe àwọn tó dábùú, mọ́kànlá. Gbogbo ègé àwọ̀n jẹ́ 178. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn lórí GM, 10 tàbí 30, ló ń sọ wáyà tí ìdàkọ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, áńtẹ́nà yín pẹ̀lú á di mẹ́sàn-án, ẹ ó sì rí i kedere tí ẹ bá tẹ F3.

Ẹ ṣàkíyèsí bí àwọn fọ́nrán ṣe pàdé. Nínú NEC, wáyà méjì kì í so pọ̀ àyàfi níbi tí orí ègé wọn bá ti kan ara wọn. Tí ọ̀kan bá kọjá láàrin ègé èkejì, wọn kò so rárá, ìṣirò á sì bàjẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ègé fi jẹ́ mítà kan géérégé ní ọ̀nà méjèèjì: gbogbo ìkóríta bọ́ sí orí ègé. Tí ilé yín bá jẹ́ 9.4 m, ẹ sọ ọ́ di 9 tàbí 10. Páánù kò ní bínú sí 60 cm, àmọ́ àwọ̀n tí kò so yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wá ṣírò lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú páánù, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, kí ẹ kọ R, X àti èrè (gain, bí áńtẹ́nà ṣe ń kó agbára jọ sí ọ̀nà kan tó) tó ga jù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹ fi mítà kan kún ht. Lẹ́yìn náà ẹ sún òpó jìnnà sí ilé ní mítà mẹ́ta: 0.5 á di 3.5, 8.5 á di 11.5. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ èwo nínú gíga àti ìjìnnà ló ń tún áńtẹ́nà tiyín ṣe jù, nítorí pé ọparun tó gùn sí i wọ́n lọ́wọ́, sísún òpó kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa

Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn lórí GN ni ilẹ̀: 13 àti 0.005 ni ilẹ̀ tó wà láàrin méjì, a sì lè fi bẹ̀rẹ̀ fún ilẹ̀ pupa orí òkè Kétu. Fún etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbi tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, ẹ dán 20 àti 0.03 wò. Fún àárín àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, 5 àti 0.001. Kò sí ìlú kan tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri. Ẹ lo méjì, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, kí ẹ wò ó bóyá ìpinnu yín yí padà. Tí ibi tí òpó máa wà kò bá yí padà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìṣirò náà ṣeé gbà gbọ́?

Àyẹ̀wò méjì kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àkọ́kọ́, ẹ mú páánù kúrò, kí ẹ pín wáyà sí wẹ́wẹ́ sí i: 3 di 5, 49 di 82. Ègé àárín ti di ẹ̀kẹta, nítorí náà EX á di EX 0 1 3 0 1 0. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, tí ibi ìbọ́ á sì wọ́ kúrò ní àárín. Tí R bá yí padà ju ohm kan tàbí méjì lọ, nǹkan kan kò tọ́ nínú ìwé yín. Èkejì, ẹ yọ ìlà LD, ẹ yan òfuurufú láìsí ilẹ̀, kí ẹ wo ìpíndọ́gba èrè tí 4NEC2 ń pè ní AGT. Ó yẹ kó wà láàrin 0.95 sí 1.05.

Ohun kan tún wà tí àwòrán wa kò ní: kébù. Lójú kọ̀ǹpútà, iná kàn dédé yọ sí àárín wáyà. Ní ti gidi, ara òde kébù lè di apá kẹta áńtẹ́nà. Ẹ fi GW 4 40 -0.3 0 ht -0.3 0 0.5 0.003 kún un, ìyẹn kébù tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí ẹ wo bí R àti X ṣe máa sún. Lẹ́yìn náà ẹ fi LD 4 4 1 1 1000 0 kún un. Ó dúró fún ìdènà 1000 ohm lókè kébù, X á sì padà sí tòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdènà yẹn kò ṣòro láti ṣe: 4.5 m kébù RG-58 tí a ká ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sára garawa ọ̀dà tó fẹ̀ tó 24 cm, tí a yọ garawa, tí a sì fi okùn dè é kó má tú, lábẹ́ ibi ìbọ́ gan-an.

Gígé àti títa

Wáyà inú kọ̀ǹpútà wa wà níhòòhò. Rọ́bà tó wà lára wáyà ilé máa ń mú kó dà bíi pé ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìwọ̀n bíi 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Gígùn gidi máa wá kúrú ju ti ìṣirò lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gé e kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e bí kọ̀ǹpútà ṣe sọ, kí ẹ fi 15 cm kún apá kọ̀ọ̀kan fún ìsomọ́.

Fún àárín, 20 cm páìpù PVC tó nípọn. Ẹ lu ihò mẹ́rin, kí ẹ ki wáyà wọlé kí ó sì jáde kó tó kan kébù, kí ó jẹ́ pé páìpù ló ń gba ẹrù kì í ṣe ojú ìsopọ̀. Ègé páìpù kan náà ni ẹ máa fi sí orí wáyà, láàrin wáyà àti okùn. Tí kébù tẹlifíṣọ̀n bá ni ẹ ń lò, àwọ̀n òde rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ alumíníọ́mù, lẹ́ẹ̀dì kò sì ní mú un; ẹ fi bóòtù àti wáṣà dè é. Ẹ fi sílíkónù dí ẹnu kébù, kí ẹ jẹ́ kó dojú kọ ilẹ̀. Òjò kan ṣoṣo tó wọ inú kébù, àwọ̀n á dúdú, agbára yín á sì máa ṣègbé lójú ọ̀nà.

Orí wáyà ni fólítéèjì ti ń ga jù nígbà tí ẹ bá ń fọhùn. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ lè na ọwọ́ kàn án, kò sì gbọ́dọ̀ sinmi lórí páánù. 4 m tí a kọ sí oz ti tó. Tí igi ni okùn so mọ́, ẹ jẹ́ kó gba orí ẹ̀ka kọjá, kí ẹ so ìgò oníyanrìn mọ́ orí rẹ̀ kejì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá mi igi, ìgò á gòkè sọ̀kalẹ̀, wáyà kò ní já. Nígbà tí òjò bá ṣú, ẹ yọ kébù kúrò lẹ́yìn rédíò.

Ẹ fi NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn áńtẹ́nà, wọ̀n ọ́n. Tí kébù yín bá jẹ́ 75 ohm, ẹ gé e sí ìdajì ìgbì kí ohun tó wà lókè lè hàn nísàlẹ̀ bó ṣe rí: 21.1 m lọ́nà 0.66 (ìyára ìgbì nínú kébù sí ti òfuurufú) jẹ́ 13.9 m fún kébù tí ike inú rẹ̀ le, lọ́nà 0.83, tó jẹ́ 17.5 m, fún ọ̀pọ̀ kébù onífóòmù. Ẹ wo ẹ̀yìn kébù tàbí ìwé rẹ̀ kí ẹ mọ èyí tó jẹ́.

Ká ní wáyà yín jẹ́ 20.6 m lápapọ̀, tí SWR rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù ní 6.85 MHz. Ẹ fi 6.85 sọ 20.6 di púpọ̀, kí ẹ fi 7.1 pín in: 19.87 m. 73 cm ló gbọ́dọ̀ kúrò, nǹkan bí 36 cm ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gé e. Ẹ ṣẹ́ ẹ padà sára wáyà fúnra rẹ̀, ẹ lọ́ ọ mọ́ ọn pinpin, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá di ọ̀la tí ẹ gbé òpó sókè sí i, ẹ ó tún nílò 36 cm yẹn.

Tí ohun tí NanoVNA sọ bá jìnnà sí ti kọ̀ǹpútà ju bí rọ́bà ṣe lè fà á lọ, ẹ di kébù mú nísàlẹ̀ kí ẹ wo ojú ẹ̀rọ. Tí ìlà bá ń mì bí ọwọ́ yín ṣe ń kan kébù, ìdènà lókè kò ṣiṣẹ́. Tí kò bá mì, ẹ padà sórí ìwé tí ẹ fi wọn àgbàlá: ó lè jẹ́ pé irin kan wà tí ẹ kò kọ, wáyà tí a ń sá aṣọ sí, irin ojú fèrèsé, irin tó yọrí nínú ilé alájà tí a kò tíì kọ́ tán. Ẹ fi sínú àwòrán, kí ẹ tẹ F7.